Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fò

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ìfaradà etí yín tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pátápátá báyìí. Ìyá mi sọ lórí fóònù pé ẹ máa ń dá ìlẹ̀kùn lóhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kàn án, bí wọ́n bá sì kàn án gan-an, ẹ ò ní gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Ilé ìlagi yẹn ló jẹ etí yín, ọgbọ̀n ọdún nídìí ayùn.

Lẹ́tà ni mo kọ torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé bá ìyá mi sọ. Ẹ̀yin ò lè gbọ́ fóònù. Ọ̀kan ṣoṣo tó sì wà nílé, ọwọ́ ìyá mi ló wà, gbogbo ẹni tó bá yà kí i ló ń bá a ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jókòó, ẹ wọ awò yín, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ bí ẹ ṣe ń kà á, torí mo mọ̀ pé ẹ máa ń kàwé sókè láìmọ̀.

Bàbá, ara mi ò yá. Kì í ṣe ti òní, ó ti lé ní ọdún márùn-ún. Ìfun mi ló ń dá egbò. Dókítà ní kì í ṣe ohun tí mo jẹ ló fà á, kò sì sí ẹni tó fi ṣe mí. Ara mi fúnra rẹ̀ ló ń bá ìfun mi jà, bí ìgbà tí ọdẹ tó ń ṣọ́lé bá ń na onílé. Kò sí oògùn tó ń mú un lọ pátápátá. Oògùn kàn ń dá a dúró ni, mo sì gbọ́dọ̀ máa lò ó títí ayé. Kí n tó rí èyí tó ṣiṣẹ́, mo máa ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà ogún lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń jáde. Ẹ dárí jì mí pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mò ń kọ sí bàbá mi. Ìdí tí mi ò fi wá sílé láti ọdún mẹ́fà nìyẹn. Mi ò lè rìn jìnnà sí ọsibítù mi ní ìlú òkèèrè níbí.

Oògùn àkọ́kọ́, oníhóró, ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́jọ, ó sì dákẹ́. Èkejì, tí wọ́n máa ń fà sí mi lára bí omi ní ọsibítù, lo ọdún kan àtààbọ̀, òun náà dákẹ́. Ẹ̀kẹta ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí. Abẹ́rẹ́ ni, èmi fúnra mi ni mo ń gún un sí itan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, inú fíríìjì ló ń gbé. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Bàbá, ọdún mẹ́ta tí mo fi jẹ́ èèyàn! Mò ń ṣiṣẹ́, mò ń rìn lójú títì láìka iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà níbẹ̀, mò ń wọ aṣọ funfun.

Àmọ́ láti ìgbà tó ti pé ọdún mẹ́ta yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Obìnrin kan tí a jọ máa ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ sọ fún mi pé ọdún kẹrin ni tòun dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí inú mi bá kùn pẹ́rẹ́, màá ti gbé ọwọ́ lé e. Dókítà ṣe àyẹ̀wò, ó ní gbogbo rẹ̀ dáa. Mo ní ṣé ó dá a lójú pé yóò dáa lọ́dún tó ń bọ̀? Ó ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí èyí bá dákẹ́, ó ku ẹyọ kan tí wọ́n lè dán wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀bẹ ni. Wọ́n á gé ìfun ńlá jáde, inú àpò tí wọ́n bá so mọ́ mi níkùn ni ìgbọ̀nsẹ̀ á máa bọ́ sí. Mo ti ń dúró níwájú dígí, mo ti ń wo ibi tí wọ́n máa so ó mọ́.

Ilé ìfọṣọ yẹn náà ni mo ṣì wà. Tábìlì ìlọṣọ tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jù ni mo bẹ ọ̀gá wa obìnrin kó fún mi. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí ní Onílé Ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Ẹ kọ nǹkan kan sí mi, Bàbá. Ohunkóhun. Ẹ má sọ fún ìyá mi.

Èmi ọmọ yín,
Akọ̀wé.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Akọ̀wé mi,

O kú àjò o, o kú iṣẹ́, o kú ìrora tí o kò jẹ́ ká bá ọ pín. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀yìn ilé ni mo lọ kà á, mo sì pa ẹnu mọ́ pinpin, kí o má rò pé mi ò gba ìkìlọ̀. Nígbà tí mo kà á tán, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Ọdún márùn-ún! Ọdún márùn-ún tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè rẹ pé ọmọ yẹn ti gbàgbé wa, pé ayé ti dùn mọ́ ọn lára. Ẹnu mi yìí ni mo fi ń sọ ọ́. O jẹ́ kí n máa bú aláìsàn. Irú kí lèyí, Akọ̀wé? Ìwọ tí o ń bá mi kọ gbogbo lẹ́tà mi láti kékeré, tí o mọ àṣírí ilé ìlagi ju àwọn ọ̀gá lọ, ìwọ lo wá ní àṣírí tí o fi pa mọ́ fún mi.

Ó dáa. Mo ti bínú tán. Ká sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. O rántí pé ayùn méjì ni mo máa ń ní fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, màá yọ ọ́, màá gbé e kọ́ sára ògiri lọ́la, kí irin náà lè tutù, kó bọ̀ sípò. Àwọn tó ń lo tiwọn láìdáwọ́ dúró, kì í pé oṣù mẹ́ta kó tó máa fò lórí igi láìgé nǹkan kan. Tèmi, ó ń lo ọdún kan àtààbọ̀. Àwọn tó ń ta ayùn fún wa ò sọ èyí fún wa rí o. Ojú wa la fi rí i.

Ohun tó ṣe oògùn rẹ àkọ́kọ́ àti èkejì nìyẹn, lójú tèmi. O ò fún wọn nísinmi. Ara rẹ ti mọ̀ wọ́n lójú, kò bẹ̀rù wọn mọ́. Èyí tí o wà lórí rẹ̀ yìí, má jẹ́ kí ara rẹ rí i fín. Gún ọ̀kan, fo ọ̀kan. Kí oògùn náà máa já lu ara lójijì. Má bi dókítà. Yóò ní kí o má ṣe é. Ìwé ló ń wò. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fi ránṣẹ́ sí ọ, Akọ̀wé, àfi ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún mọ̀.

Ìyá rẹ ń pariwo sí mi létí, ó ń béèrè ìdí tí mo fi ń lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Mo ní afẹ́fẹ́ ni mò ń gbà. Ó ní afẹ́fẹ́ iwájú ilé ńkọ́, ta ló kó o lọ? O kúkú mọ̀ ọ́n. Tètè kọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Aláyùn.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrònú mi. Mo kí yín, mo sì fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, torí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ ayùn yẹn, mo ju lẹ́tà sílẹ̀. Mo ní ẹ gbà mí, bàbá mi ti sọ mí di pákó! Ṣé irin ni mí ni? Mo bú yín, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé, mo yọ ọ́ nínú fíríìjì, mo gbé e sórí tábìlì kí òtútù ara rẹ̀ lè dín kù, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó yẹ kí n dúró fún ìdajì wákàtí. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Mo ní bí mi ò bá gún ọ lónìí, ṣé wàá bá mi pẹ́ sí i? Ìdajì wákàtí kọjá, wákàtí kan kọjá. Mo dìde, mo dá a padà sínú fíríìjì.

Bàbá, nǹkan kan ò ṣe mí! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, inú mi dákẹ́ rọ́rọ́. Lánàá mo gún èyí tó tẹ̀lé e, màá sì tún fo èyí tó ń bọ̀. Mi ò sọ fún dókítà. Bí mo bá ṣí fíríìjì báyìí, tí mo rí èyí tí mo ti fi pa mọ́, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti rí ọdún kún ọdún mi. Láti oṣù mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo jẹun tán láìtẹ́tí sí ikùn mi.

Báyìí ni màá máa ṣe é. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ká ní mo ti sọ fún yín látọdún márùn-ún!

Akọ̀wé yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin

Akọ̀wé,

Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀? O kú oríire. Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo fò sókè, àgbà mi yìí. Ìyá rẹ ní ṣé kòkòrò ló ta mí ni. Mo ní ayọ̀ ni. Ó ní ayọ̀ kí ni? Mo ní afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ilé ni.

Wàyí o, níwọ̀n ìgbà tí o ti mọ bí o ṣe máa dá a dúró, ó yẹ kí o lè wá sílé níparí ọdún. Ojú mi ṣì ríran dáadáa. Jẹ́ kí n fi rí ọ. Má jẹ́ kí n máa bẹ̀ ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Akọ̀wé,

Ṣé àlàáfíà ni? Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń retí èsì. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti ń sá fún mi. Bó bá rí mi lókèèrè, á ti máa mi orí kí n tó la ẹnu.

Ìyá rẹ ní ẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ohùn rẹ rí bíi ti ẹni tó dùbúlẹ̀. O ní òtútù ló mú ọ. Òtútù wo nìyẹn nínú ooru? Ṣé ohun tí mo sọ fún ọ ṣì ń ṣiṣẹ́? Kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì ìwé tó fún mi. Lánàá, mò ń pọ́n ayùn káfíńtà kan, mo pọ́n eyín kan jù, mo bà á jẹ́. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Bó bá jẹ́ pé o ń bínú torí mo ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí wíwá sílé, má wá mọ́. Dúró síbẹ̀. Ṣáà kọ̀wé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Bàbá,

Mi ò ní kí yín púpọ̀. Ọsibítù ni mo wà, ọjọ́ kọkànlá mi nìyí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá wa ní ilé ìfọṣọ ló bá mi kó lẹ́tà yín wá láti ilé.

Ó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹfà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ni mò ń lọ̀ lọ́jọ́ náà, inú ṣàdédé lọ́ mi. Mo sáré. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni mo fi jìnnà sí ìlẹ̀kùn yẹn, Bàbá, mi ò débẹ̀. Níwájú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló burú jù. Ọ̀gá wa fa ọ̀kan yọ nínú àwọn aṣọ tí mo ti lọ̀, ó fi bò mí, ó ní kí n máa lọ sílé. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo gún abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo tún gún òmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, láìdúró de ọjọ́. Gbogbo èyí tí mo kó pa mọ́ sínú fíríìjì ni mo gún tán. Omi lásán ni. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà fa àga, ó jókòó tì mí, ó ní oògùn náà ò sí lára mi mọ́ rárá, pé ara mi ti kó ọmọ ogun jọ dè é, bó bá ti ń wọlé ni wọ́n ń pa á. Ó ní ṣé mo fo èyíkéyìí? Mo ní rárá. Ó wojú mi, ó tún béèrè. Mo ní mẹ́rin. Ó ní bí oògùn yẹn bá ń wá déédéé, ara kì í sábà ráyè bá a jà. Bó bá lọ tó tún já wọlé lójijì ni ara máa ń rí i bí àlejò, tí á sì kọ́ bó ṣe máa lé e. Ó ní ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò fo ọ̀kankan náà, òun ò lè búra. Àmọ́ ó ní fífò tí mo fò ó yẹn, àfi bíi pé mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Lójijì, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ lò gan-an nìyẹn. Mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ nǹkan kan sí mi, ohunkóhun, ẹ wá kọ èyí! Ayùn! Ẹ tún ní kí n má bi dókítà! Kí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀? Ọmọ yín lẹ fi dán ọgbọ́n wò. Ọdún mẹ́ta tí mo fi jẹ́ èèyàn ti tán, ẹ̀yin lẹ sì bá mi parí rẹ̀. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò gbà, pé ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n kú.

Mi ò mọ ohun tí mo máa kọ sísàlẹ̀ ibí.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́.

Mo fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí yín lánàá. Nọ́ọ̀sì ló bá mi jù ú sínú àpótí nígbà tí inú ṣì ń bí mi. Láàárọ̀ yìí mo ní kó lọ bá mi yọ ọ́, ó ní wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bí èyí bá ṣáájú dé, ẹ má ṣí ìyẹn. Ẹ fà á ya. Bó bá jẹ́ ìyẹn ló ṣáájú, ẹ ṣàánú mi, ẹ má gbà á gbọ́. Ibà ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ

Akọ̀wé mi,

Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì dé. Ẹni tó ń pín lẹ́tà kó wọn lé mi lọ́wọ́ pọ̀, inú rẹ̀ ń dùn fún mi. Ti ìbínú ni mo kọ́kọ́ ṣí. Má bẹ̀ mí nítorí rẹ̀. Ibà kì í mọ̀wé kọ tó bẹ́ẹ̀.

Mo kà á sókè. Mi ò mọ̀ pé sókè ni mò ń kà á. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Ó fi ìka tọ́ka sí ìwé náà, ó ní kí n tún ibi ayùn yẹn kà. Mo tún un kà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ sí mi. Bí oúnjẹ bá jinná, ọwọ́ ló fi ń nà án sí mi. Ohun kan ṣoṣo tó pariwo sí mi létí ni pé kí n kọ ọ́ sí ọ pé òun ò bínú sí ìwọ, pé kí o jẹun, pé kí o yéé parọ́ òtútù fún òun.

Mo mú lẹ́tà rẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ọsibítù kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Mo ní kó bá mi kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé, kí n má baà gbọ́ ọ lódì. Ó kọ ọ́ pé, “Bàbá, òótọ́ ni dókítà sọ. A kì í fo irú oògùn bẹ́ẹ̀.” Mo ní ṣé kò sí bí a ṣe lè tún un ṣe? Ó tún kọ ọ́ pé, “Èyí tó bàjẹ́ yẹn ti bàjẹ́.” Ìwé náà wà lápò mi. Mo máa ń yọ ọ́ wò bóyá mo ṣì í kà.

Mi ò pọ́n ayùn mọ́. Mo ti kó gbogbo irinṣẹ́ mi fún káfíńtà. Ojú wọn ń tì mí.

Àmọ́ ibì kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí. Ibi ikú yẹn. Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn? Bó bá jẹ́ àpò ló kù, kí wọ́n so àpò! Kí wọ́n so mẹ́wàá! Kí o so àpò wálé kí n rí ọ, ó tó mi. Mo mọ̀ pé mi ò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti la ọ̀nà fún ọ lẹ́ẹ̀kan, wo ibi tó já sí. Nítorí náà kì í ṣe ìmọ̀ràn ni mò ń gbà ọ́, Akọ̀wé. Mò ń bẹ̀ ọ́ ni. Má kú mọ́ mi lójú.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrora, ẹ kú àìrójú. Ẹ lọ gba irinṣẹ́ yín padà lọ́wọ́ káfíńtà. Kí ni wọ́n ṣe?

Mo ti padà sílé, ọ̀sẹ̀ kejì nìyí. Oògùn kan tí kò ṣeé lò pẹ́ ni wọ́n fi dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ó ti mú kí ojú mi wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti rí roboto. Bí ẹ bá rí mi, ẹ máa béèrè pé ọmọ ta nìyí. Ẹ̀kẹrin tí mo sọ fún yín, èyí tó kẹ́yìn, wà níbẹ̀, àmọ́ kò pọ̀. Àwọn dókítà mẹ́ta ló máa ń jókòó pinnu ẹni tí wọ́n máa fún. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ibì kan níbẹ̀ béèrè ìdí tí mo fi fo oògùn. Mo kọ ọ́ pé èmi fúnra mi ni mo pinnu, kò sí ìdí kankan. Mi ò lè kọ yín síbẹ̀, Bàbá. Mi ò lè jẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ yín rí jókòó yí tábìlì ká, kí wọ́n máa dá bàbá mi lẹ́jọ́.

Dókítà mi wá pè mí. Ó ní ohun tí mo kọ yẹn ti fẹ́ bà á jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù ní ẹni tó fo oògùn láìnídìí á tún fo èyí, kí wọ́n kúkú gé ìfun mi, kí wọ́n sì fi oògùn náà fún ẹni tó máa lò ó. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó. Ó ní bí ìdí bá wà, kí n sọ ọ́. Mo ní kò sí.

Mo sọ èyí fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé bó bá di ọ̀bẹ, màá gbà. Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Mi ò ní kú mọ́ yín lójú bí mo bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò lè di bọ́tìnnì aṣọ mi láàárọ̀.

Akọ̀wé.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá

Akọ̀wé,

Kò sí àyè ìkíni lónìí. Mo ti bẹ ẹni tó ń pín lẹ́tà kó bá mi fi èyí sáré. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe tìrẹ, ti dókítà ni. Túmọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe wà. Má yọ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin dókítà tó ń tọ́jú ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dàgbà, etí mi ti di, ìwé ni mo fi ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ọmọ náà parọ́ fún yín. Ó ní òun fúnra òun lòun pinnu. Irọ́ ni. Èmi ni mo ní kó máa fo abẹ́rẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pọ́n ayùn ní ilé ìlagi, mo rò pé bí irin ṣe ń kú tí a bá lò ó láìsinmi ni oògùn náà ṣe ń kú. Èmi náà ni mo ní kó má sọ fún yín. Lẹ́tà tí mo fi sọ ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó fi hàn yín. Ọwọ́ mi ni, orúkọ mi wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀rù ló ń bà á pé oògùn máa dákẹ́. Ó sá wá bá mi, mo sì fún un ní ohun tó pa oògùn náà. Ẹ má sọ pé ọmọ tí kì í gbọ́ràn ni. Ìgbọràn ló kó bá a. Mo sọ ọ́, ó ṣe é, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Láti òní lọ, tiyín ni yóò máa gbọ́, kì í ṣe tèmi.

Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ pàdánù nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi. Mi ò mọ ohun tí ẹ lè rí gbà lọ́wọ́ arúgbó tó jìnnà réré sí yín. Ẹ bá mi wá a. Ohunkóhun tó bá jẹ́, màá fi sílẹ̀.

Èmi bàbá rẹ̀.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin àti ìyá mi. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Ẹ kà á sókè.

Lẹ́tà yín dé nígbà tó ku ọjọ́ méjì péré kí wọ́n jókòó. Mo túmọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, mo sì kà á fún dókítà ní yàrá rẹ̀. Mi ò lè kà á dé ìdajì, òun ló gba ìwé lọ́wọ́ mi tó parí rẹ̀. Ó ní ṣé òun lè mú un lọ síwájú àwọn yòókù? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti fún mi, Bàbá. Wọ́n fún mi.

Ẹ ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ kankan, mo yọ ọ̀kan. Ibi tí ẹ ti ní ìgbọràn ló kó bá mi, mi ò túmọ̀ rẹ̀, torí kì í ṣe òótọ́. Kí lẹ́tà ayùn yín tó dé rárá, mo ti máa ń gbé abẹ́rẹ́ yẹn sórí tábìlì, kí n máa wò ó, kí n máa rò ó pé bí mi ò bá lò ó lónìí ńkọ́. Ẹ̀rù ti fẹ́ kí n fò ó. Ẹni tó máa ní ó dáa bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá. Ká ní ẹ̀yin ò sọ ọ́, ǹ bá wá ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́. Mo jẹ́ kí ẹ rù ú nìkan láti oṣù kẹjọ. Ẹ má bínú sí mi.

Nọ́ọ̀sì gún àkọ́kọ́ fún mi lánàá. Ó di ọ̀sẹ̀ kejìlá kí a tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀bẹ ni. Bó bá sì ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ara máa wá tù mí: nọ́ọ̀sì ò tíì yọ ọwọ́ tí mo ti ń bi ara mi pé ọdún wo ni èyí náà máa dákẹ́. Báyìí ni màá ṣe wà. Kò sí oògùn fún ìyẹn.

Ẹ má gbà mí nímọ̀ràn lórí rẹ̀ mọ́ o. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, màá kọ ọ́ sí yín pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́ padà pé ẹ̀rù ń bà yín. Ká fi í mọ bẹ́ẹ̀. Kí ìyá mi náà jọ̀ọ́, kó bá yín sọ̀rọ̀, kó pariwo rẹ̀ sí yín létí.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí àná, lọ́jọ́bọ̀, ni èkejì. Èmi nìkan ni màá wà nílé. Màá gbé e sórí tábìlì, ẹ̀rù á bà mí, màá sì gún un.

Ọmọ yín.